Ọ̀pá Àṣẹ Tí Ẹ Ń Retí Ti Dé

Bàbá mi ọ̀wọ́n tí mo ń bá bínú,

N kò wá kí yín lónìí. Mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò ni, ẹ̀yin sì ni mo wá rò ó fún, torí ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀.

Ọ̀pá àṣẹ tí ẹ ń retí ti dé. Ìjọba ti mọ Ìdí-Ọ̀mọ̀ ní ìlú. A kì í ṣe abúlé tó wà lábẹ́ ìlú mìíràn mọ́. Wọ́n ti ri pátákó funfun mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Ìrólù, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti máa ń já wa sílẹ̀, orúkọ wa wà lára rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n sì ya adé sókè orúkọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín wá ohun tó wà lára pátákó yẹn, ó yẹ kí n máa bá yín yọ̀. N kò yọ̀. Inú ń bí mi sí ìjọba, inú ń bí mi sí ọmọ yín ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo ń bínú sí jù.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí a ṣe wà, torí ó jọ pé ẹ gbàgbé kí ẹ tó lọ. Agbo ilé mẹ́ta ló tẹ Ìdí-Ọ̀mọ̀ dó: Òkè-Ilé tiwa, Ilé Alágbẹ̀dẹ, àti Ilé Ìmàle. Bí Baálẹ̀ bá kú ní ilé kan, oyè á bọ́ sí ilé kejì, á tún bọ́ sí ẹ̀kẹta, kó tó yípo padà. Ilé Alágbẹ̀dẹ ló jẹ ẹ́ kí ẹ tó jẹ. Lẹ́yìn yín, Ilé Ìmàle ló kàn. Ọmọ tó ń fi igbá pọn omi mọ èyí. Baálẹ̀ kò sì lè dá nǹkan kan ṣe. Àwọn olórí agbo ilé gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, Màmá Erelú tí wọ́n ń ṣojú fún gbogbo obìnrin ìlú gbọ́dọ̀ gbà, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti ní òun kò gbà, kí oníkálukú máa lọ sílé títí di ìpàdé mìíràn nìyẹn.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń jókòó nínú ìpàdé yẹn. Ẹ kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọsàn lẹ máa ń bó. Ẹ ó fa ọ̀bẹ kékeré yín yọ, ẹ ó máa bó o yípo yípo, èèpo rẹ̀ kò ní já. Àwọn tó ń jà á máa pariwo lé ara wọn lórí, ẹ̀yin kò ní gbójú sókè. Bí ẹ bá bó o tán, ẹ ó là á sí méjì, ẹ ó na ìdajì sí ẹni tí inú ń bí jù lọ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè máa pariwo tòun ti ọsàn lẹ́nu. Ìgbà yẹn lẹ ó wá sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í gùn. Èmi tí mo máa ń gbé omi wọlé fún àwọn àgbà, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba ní gbogbo ayé nìyẹn.

Mo tún rántí ìrìn Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n mọ̀ wá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ bùbá funfun yín. Ẹ kò ní jẹ́ kí Màmá tàbí èmi fọwọ́ kàn án. Ẹ ó jáde bí ọkọ ìyàwó, ẹ ó sì wọlé nírọ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé kúrò lójúde àna. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n máa ń fi yín sí. Àwọn akọ̀wé tí ẹ lè bí lọ́mọ máa ń pè yín ní Bàbá Àgbẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bi yín nígbà kan pé kí lẹ ń wá lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ iyì yín.

"Ìlú tí ìjọba kò bá mọ̀," lẹ dá mi lóhùn, "ẹni tó bá ti wù ú ni yóò máa tà á."

Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn tó ní àwọn ló ni wá ti ń gé ilẹ̀ wa tà, púlọ́ọ̀tì kan lónìí, púlọ́ọ̀tì kan lọ́la. Ilé ìwòsàn tó yẹ kó bọ́ sí wa lọ́wọ́, ibòmíràn ni wọ́n kọ́ ọ sí, torí orúkọ wa kò sí níbì kankan. Ìyẹn kọ́ ni mo ń bá yín jà lé lórí. Ẹ̀tọ́ wa lẹ ń wá, mo sì fi yín yangàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìjà mi. Ẹ ti ń ṣàìsàn bọ̀, ẹsẹ̀ yín ti wú, kò sí ohun tó ń gba ọ̀fun yín kọjá mọ́ àfi ògì. Mo ti fi ìsọ̀ obì mi sílẹ̀ ní Ṣàgámù, mo wá ń tọ́jú yín. Bọ̀dá Kúnlé, ọmọ yín ọkùnrin, náà wá lọ́jọ́ yẹn láti ibi tó ti ń ta sìmẹ́ǹtì. Ẹ máa rí i pé "ó" ni mo ń pè é, n kò pè é ní "wọ́n" mọ́. Ẹ bá mi wí bí ẹ bá lè bá mi wí. Ó jókòó sétí ibùsùn, èmi ń po ògì lọ́wọ́, ẹ̀yin sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kúnlé, bí ọ̀pá yẹn bá dé, má jẹ́ kó kúrò nílé wa o."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ọwọ́ mi dúró lórí ògì. Mo wo ojú yín. Ẹ yí ojú sí ògiri, ẹ ní kí n bu omi fún yín.

Kí ló dé tí ẹ kò lè wo ojú mi? Ṣé ìrora ló sọ̀rọ̀ yẹn, àbí ó ti wà nínú yín láti ọjọ́ tó ti pẹ́? Ṣé ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń na ọsàn sí àwọn ará Ilé Ìmàle, ẹ ti mọ̀ lọ́kàn yín pé ohun tó jẹ́ tiwọn kò ní kàn wọ́n? Mo bi yín lójú oorun. Mo bi yín létí sàréè nígbà tí mo ṣì ń rí ọ̀nà débẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin yín, tí ọ̀fọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn agbo ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi mú Baálẹ̀ tuntun: Bàbá Àlájì, olórí Ilé Ìmàle, ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́, tó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbànja kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Bọ̀dá Kúnlé wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀.

"Ẹ ó pẹ́ lórí oyè o, Bàbá."

"Dìde, ọmọ ọ̀rẹ́ mi," ni Bàbá Àlájì wí, wọ́n sì fà á dìde fúnra wọn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sán ọjọ́sí ti bá yín wọ inú ilẹ̀. Ara mi wá fúyẹ́.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé ìjọba fẹ́ sọ àwọn abúlé kan di ìlú, pé tiwa wà nínú wọn. Baálẹ̀ wa yóò di ọba, yóò dé adé kékeré, yóò gba ọ̀pá àṣẹ. Ọkùnrin kan tó wọ jígí wá láti ọ́fíìsì ìjọba, fáìlì wà lábíyá rẹ̀. Gbogbo wa jókòó yí i ká lábẹ́ àtíbàbà.

"Ìdílé wo ló ń jọba níbí?" ló bi wá.

"Gbogbo wa ni," Bàbá Àlájì dá a lóhùn. "Láti ilé dé ilé ni. Ọ̀dọ̀ tiwa ló wà báyìí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Òfin kò mọ 'gbogbo wa', Bàbá."

Bàbá Àlájì ní ìlú tó ní ìdílé mẹ́ta, tó ní mẹ́rin, kún ilẹ̀ Rẹ́mọ, kí ló dé tí tiwa yóò fi yàtọ̀? Ọkùnrin náà ní àwọn yẹn ti fìdí tiwọn múlẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé ní tiwa, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì mọ̀, ìyẹn Bàbá tó máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Màmá Erelú, tí wọn kì í fi èdè Rẹ́mọ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí rè é? Ṣé ẹ wá mọ̀ wá ni, àbí ẹ wá tún wa bí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Bàbá, wọ́n lé yín nígbà tí ẹ wà láàyè, ìgbà tí ẹ kú tán ni wọ́n wá mọ̀ yín. Bọ̀dá Kúnlé kò sọ ohunkóhun lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà ń lọ, òun ló sìn ín dé ìdí ọkọ̀, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ pé ó ti lọ sọ fún wọn pé Òkè-Ilé nìkan ló ń jọba, pé àlejò ni àwọn ilé tó kù. Àlejò! Ilé Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọkọ́ tí bàbá bàbá yín fi kọ ebè àkọ́kọ́. Ilé Ìmàle tí wọ́n ti bí ìyá yín. Bí ẹni tó bí ìyá yín bá jẹ́ àlejò, ta wá ni ẹ̀yin?

Ìjọba ní kí tọ̀túntòsì wá rojọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Ṣàgámù. Bọ̀dá Kúnlé ló pè mí ní ẹlẹ́rìí, torí ó mọ̀ pé mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn. Kí a tó wọlé, ó fà mí lọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Ohun tí o gbọ́ ni kí o sọ. N kò ní kí o purọ́ fún mi."

"Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni màá sọ."

Mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún tọmọdé tàgbà pé àga yẹn kì í ṣe ti Òkè-Ilé, pé àwọn kàn ń bá ẹni tó kàn tọ́jú rẹ̀ ni. Mo ní ọ̀sán ọjọ́ kan péré, nígbà tí àìsàn ti borí wọn, ni mo gbọ́ tí wọ́n ní kí ọ̀pá má kúrò nílé wa. Ọkùnrin onífáìlì yẹn ló ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ ti àkọ́kọ́, bírò rẹ̀ wà lórí tábìlì. Nígbà tí mo dé ti ọ̀sán yẹn, ó mú un, ó ń kọ.

"Sà, ẹ kọ ti àkọ́kọ́ náà."

"Ọ̀rọ̀ tí olóògbé sọ kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ lè lọ jókòó."

Bí ẹ ṣe ti inú sàréè dìbò nìyẹn. Gbolóhùn kan tí ẹ sọ lórí ibùsùn borí gbogbo ohun tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín kọ́ wa.

Mo jáde síta, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àlájì lórí òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n fà mí dìde.

"Òtítọ́ lo sọ. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni bàbá rẹ sọ. Ọ̀rọ̀ àìsàn kì í ṣe ogún."

Ṣé ẹ gbọ́ bí ọ̀rẹ́ yín ṣe gbèjà yín lọ́jọ́ tí ẹ dójú tì wọ́n? Wọn kò bínú. Èmi ni mo ń bínú tèmi, tí mo tún ń bá wọn bínú tiwọn.

Ìjọba gbé ọ̀pá fún Bọ̀dá Kúnlé. Aláṣẹ kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà nípa àṣà àwọn baba ńlá wa, nípa bí ìjọba ṣe bọ̀wọ̀ fún un tó, ó sì ń pe ìlú wa ní Ìdí-Ọmọ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, bí ẹni pé ìdí ọmọ jòjòló, kì í ṣe ìdí igi ọ̀mọ̀, ni wọ́n wá dé ládé. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe fún un. Àwọn ará Ilé Ìmàle àti Ilé Alágbẹ̀dẹ gba oko lọ, tọkọtìyàwó, tọmọtọmọ. Bọ́ọ̀sì ni Bọ̀dá Kúnlé fi kó àwọn tó jókòó sórí àga wọn wá. Mo dúró lẹ́yìn ilé ìdáná wa, mo ń yọjú wò ó, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí i ní Kábíyèsí. Ọmọkùnrin tó máa ń pọ̀n mí sẹ́yìn kọjá odò nígbà òjò, tí á ní kí n má bojú wo omi, pé òkè ni kí n máa wò. Mo wá a lójú ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn, n kò rí i.

Kò pẹ́ kó tó dán àṣẹ náà wò. Ẹ mọ igbó obì tó wà létí odò, tí kì í ṣe ti ilé kankan, tí àwọn obìnrin jọ ń ṣa obì rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ tún ojú omi ṣe. Láyé yín, ẹ kò jẹ́ já ewé kan níbẹ̀ láìsọ fún Màmá Erelú. Bọ̀dá Kúnlé gbé e fún àwọn tó ń wa iyanrìn. Òun nìkan ló fọwọ́ sí i. Ìpàdé kankan kò sí, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kátápílà kan ṣáà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó igi tí àwọn ìyá ìyá wa gbìn. Àwọn obìnrin sáré lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìró ìdáná nídìí. Awakọ̀ náà ní kí wọ́n má bínú sí òun, ọba ìlú ló ní kí òun máa ṣiṣẹ́ lọ.

Bàbá Àlájì pe ìpàdé síwájú ilé wọn. Gbogbo ìlú jáde, títí kan ọ̀pọ̀ ará Òkè-Ilé. Èmi náà ti Ṣàgámù dé. Ọ̀rọ̀ kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi já wọ àárín wa.

"Ta ló pe àwọn èèyàn yìí jọ?"

"Èmi ni." Bàbá Àlájì dìde.

"Ṣé ẹ̀yin lọba ni?"

"Èmi ni ìlú mú."

"Ìjọba kò mọ̀ yín o, Bàbá. Ọba kan ni ìjọba mọ̀ níbí, òun ló sì fẹjọ́ sùn pé ẹ ń da ìlú òun rú."

Wọ́n ti bàbá náà sẹ́yìn ọkọ̀. Fìlà bọ́ lórí wọn, kò sẹ́ni tó dúró kí wọ́n mú un. Bàbá, ẹni tó dúró ti sàréè yín títí wọ́n fi dí i tán ni, nígbà tí ọmọ yín ọkùnrin ti wọlé lọ ń gba àlejò. Ṣé ẹ rí i níbi tí ẹ wà? Ṣé ojú tì yín?

Mo gun ọ̀kadà tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo rò pé èmi nìkan ni màá wà níbẹ̀. Ìgbà tó yá, ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn obìnrin sílẹ̀, Màmá Erelú ló ṣáájú. Àwọn mìíràn fẹsẹ̀ rìn wá. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú. Wọn kò kọrin, wọn kò ṣépè. Ọ̀gá ọlọ́pàá jáde, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

"Ẹni tí ẹ gbé là ń dúró dè," Màmá Erelú dá a lóhùn. "Bí ẹ bá fẹ́ gbé àwa náà, a ti wà níbí, ẹ kò ní náwó epo."

Ọ̀gá náà wọlé, ó pe Bọ̀dá Kúnlé lórí fóònù. Nígbà tó dé, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan ń gbé ọ̀pá tẹ̀lé e. Kò sí obìnrin kan tó kúnlẹ̀. Ó dúró láàárín ọgbà, ó ń retí kí wọ́n kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí mi.

"Ìwọ náà? Ọmọ bàbá mi?"

"Ẹ ní kí wọ́n tú Bàbá Àlájì sílẹ̀, Bọ̀dá."

"Ṣé o kò gbọ́ ohun tí Bàbá sọ ni? O wà níbẹ̀! Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó kúrò nílé wa!"

"Kò kúrò. Ọ̀pá wà nílé. Ìlú ló kúrò."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó gbẹ̀bí rẹ̀ wà láàárín wọn, ìyá náà gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, mo rí ẹni tó máa ń gbé mi kọjá odò. Lẹ́yìn náà ó yípadà, ó sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí ọ̀gá ọlọ́pàá, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n mú Bàbá Àlájì jáde. Màmá Erelú bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi bo orí bàbá náà, wọ́n sì jọ rìn jáde.

Kátápílà náà kò tíì padà wá, ṣùgbọ́n ìdajì igbó obì ti lọ. Ẹjọ́ wà ní kóòtù, lọ́yà sì ní kí a ní sùúrù. Bọ̀dá Kúnlé jókòó nínú pálọ̀ yín, tó ti kùn ní ọ̀dà tuntun, tó ń pè ní ààfin. Wọ́n ní ó máa ń wọṣọ láàárọ̀, á jókòó, á máa dúró de ẹlẹ́jọ́. Kò sẹ́ni tó ń wá. Ẹni tí ewúrẹ́ aládùúgbò bá jẹ iṣu rẹ̀, iwájú ilé Bàbá Àlájì ló ń gbà lọ. Ẹni tí ìlú mọ̀, ìjọba kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìjọba mọ̀, ìlú ń ya ọ̀nà fún un bí ẹni ń ya fún ọkọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ wá, kí ló dé tí wọn kò mọ̀ wá bí a ṣe wà? Kí ló dé tó jẹ́ pé ohun tó bá gba inú fáìlì wọn nìkan ni ojú wọn ń rí?

Mo mọ̀ pé ìwọ̀sí yín ló ká Bọ̀dá Kúnlé lára. Ó bá yín lọ sí Abẹ́òkúta rí nígbà tó ṣì kéré, ó rí bí wọ́n ṣe fi yín sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí ọjọ́ fi rọ̀, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bóyá ó rò pé ẹ̀san yín lòun ń gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbà á lára rẹ̀? Àwọn akọ̀wé wọ̀nyẹn ń mu omi tútù ní ọ́fíìsì wọn. Lára Bàbá Àlájì ló ti gbà á.

Bọ̀dá Kúnlé ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n má fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilé tí wọ́n gbé bí mi mọ́. Inú ọgbà ilé náà la sì sin yín sí. Ìyẹn ni mo fi ń kọ ìwé, torí n kò lè wá dúró tì yín kí n fẹnu sọ ọ́. Yàrá tí mo háyà ní Ìjọkú, ní Ṣàgámù, ni mo wà, apẹ̀rẹ̀ gbànja yí mi ká, ilé ń ta òórùn obì tútù bí ara yín ṣe máa ń ṣe. Nígbà mìíràn, tí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde. Ẹ̀yin lẹ máa ń wúkọ́ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ má bàa dẹ́rù bà wá. Àárò yín ń sọ mí, Bàbá. Ó ń sọ mí débi pé inú tún máa ń bí mi nítorí rẹ̀.

Bàbá Àlájì ránṣẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní Òkè-Ilé kò ní ẹni tó ń jókòó fún un nínú ìpàdé mọ́. Olórí agbo ilé wa wà láàfin Bọ̀dá Kúnlé, àwọn àgbà tó kù ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará ilé wa ló dárúkọ mi.

"Obìnrin ni mí, Bàbá, n kì í sì í ṣe àgbà."

"Ààrò méjì kò lè gbé ìkòkò dúró," wọ́n dá mi lóhùn. "Wá jókòó."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ronú sí i. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Láti kékeré, n kò ṣe ohun kan tó tóbi láìjẹ́ pé mo bi yín. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo bi yín, mo ń retí. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi pé èwo nínú yín ni mo ń retí kó dá mi lóhùn, ṣé bàbá tó ń bó ọsàn nínú ìpàdé ni àbí ti orí ibùsùn? Mo dìde, mo wọṣọ, mo lọ.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ti ààlà ilẹ̀ ni, láàárín ọmọ Ilé Alágbẹ̀dẹ kan àti àbúrò yín, Bàbá Kékeré, tí wọ́n fún mi lówó ilé ìwé nígbà tí ẹ kò ní. Àwọn méjèèjì rojọ́. Gbogbo wa lọ wo pèrègún tí wọ́n fi pa ààlà, a sì rí ibi tí wọ́n ti hú u kúrò tí wọ́n sì tún gbìn ín sínú ilẹ̀ ọmọ Ilé Alágbẹ̀dẹ náà. A padà wá jókòó. Àwọn ilé méjì tó kù ti sọ tiwọn. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. Bàbá Kékeré náà ń wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, bí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ òun ló jókòó síbẹ̀.

Mo wo ojú Bàbá Kékeré.

"Tiwa ló jẹ̀bi," mo wí.

Mo ti sọ tẹnu mi, Bàbá. Ẹ sùn ire.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe lè dárí jì yín lọ.